Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì Purotéènì Inú Sẹ́ẹ̀lì àti Ipa Rẹ̀ Nínú Ogbó Ẹ̀dá

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ṣe ni ogbó kàn ń dé bá ara bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ọ̀kan lára àwọn ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara bí ọjọ́ orí bá ti ń ga sí i, èyí tí í ṣe dídàrú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì. Ó tọpasẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dá purotéènì, bí ó ṣe ń ká a, bí ó ṣe ń palẹ̀ èyí tí ó bàjẹ́ mọ́, àti àwọn àìsàn tí ó ń tẹ̀yìn ìdàrúdàpọ̀ rẹ̀ yọ. Ó tún yẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe láàrin àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn wò. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìmọ̀ yìí wúlò fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ gba àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ń ra sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn àjẹ́ àti lọ́wọ́ àwọn tí ń ta oògùn ẹ̀tàn.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé agbára ń dín kù bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, àti pé ẹni tí ó ti ń tọ́jú ẹlòmíràn yóò di ẹni tí à ń tọ́jú. Èdè Yorùbá ní orúkọ fún àwọn àmì ogbó: ewú orí, ara híhunjọ, ojú tí kò ríran kedere mọ́, eegun ríro, àti arán ṣíṣe. Ohun tí àwọn àgbà ìṣáájú kò ní irin-iṣẹ́ láti rí ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tín-ín-tìn-ín tí gbogbo ara ẹ̀dá fi ń gbé ró.

Ní ọdún 2013, Carlos López-Otín àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ àwọn àmì tí a fi ń dá ogbó mọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Mẹ́sàn-án ni wọ́n kà. Nígbà tí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò ní ọdún 2023, ó di méjìlá. Pípàdánù ìwọ̀ntúnwọ̀nsì purotéènì wà nínú àkójọ méjèèjì. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń fa ogbó, ṣùgbọ́n òun ni ó sún mọ́ àwọn àìsàn tí ojú ń rí nínú agbolé jù lọ. Ìdí nìyí tí àpilẹ̀kọ yìí fi dá lé e.

2. Àlàyé Lórí Èdè-Ìperí

Kí àlàyé tó lè yé akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí a fi ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yé olùkọ́. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí Babs Fafunwa jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láìṣe pé ìmọ̀ náà bomi. Ohun tí ó gbà ni pé kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Purotéènì kì í ṣe àjòjì létí akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ẹ̀kọ́ ìlera, oúnjẹ amáradàgbà bí ẹ̀wà, ẹja, ẹran àti ẹyin ni a máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò kún tó. Bí ẹ̀wà bá dé ikùn, ara kò ní lo purotéènì ẹ̀wà bí ó ṣe wà. Yóò tú u palẹ̀ sí àwọn ègé kéékèèké tí à ń pè ní ásíìdì àmínò, sẹ́ẹ̀lì yóò sì fi àwọn ègé yìí dá purotéènì tirẹ̀. Purotéènì ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni irun orí àti èékánná. Òun ni ó ń mú kí iṣan ara sún kì. Òun ni ó ń da oúnjẹ nínú ikùn. Nítorí náà, nínú àpilẹ̀kọ yìí, purotéènì dúró fún òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe fún oúnjẹ inú àwo.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì purotéènì túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì ń dá purotéènì ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ó ń ká a bí ó ti yẹ, ó sì ń palẹ̀ èyí tí ó bàjẹ́ mọ́ ní àkókò. Bí ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yìí bá yẹ̀, àwọn méjì yòókù yóò mọ̀ ọ́n lára.

3. Dídá àti Kíká Purotéènì

Ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń dá purotéènì ni à ń pè ní ráíbósómù. Ẹni tí ó bá ti wo ibi tí wọ́n ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ yóò tètè lóye iṣẹ́ yìí. Ásíìdì àmínò ni ìlẹ̀kẹ̀, oríṣi rẹ̀ sì jẹ́ 20. Àṣẹ tí ó wà nínú jíìnì, èyí tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ni ó ń sọ ìlẹ̀kẹ̀ tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Jíìnì tí ó ní irú àṣẹ yìí nínú ara ènìyàn tó nǹkan bí 20,000.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín tán kò tíì di òṣìṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ká ara rẹ̀ jọ ní ọ̀nà kan pàtó, nítorí pé ìrísí purotéènì ni ó ń fún un ní iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí eyín kọ́kọ́rọ́ ṣe ń pinnu àgádágodo tí yóò ṣí. Christian Anfinsen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó fi hàn pé ètò àwọn ásíìdì àmínò fúnra rẹ̀ ni ó ń pinnu ìrísí yìí. Ó tú purotéènì kan palẹ̀ nínú ìgò. Nígbà tí ó yọ ohun tí ó fi tú u kúrò, purotéènì náà padà sí ìrísí rẹ̀ àtijọ́, ó sì tún ń ṣiṣẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1972.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé jù lọ nípa pàtàkì ètò yìí ni àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde. Vernon Ingram fi hàn ní ọdún 1957 pé ásíìdì àmínò kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú purotéènì tí ń gbé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Ìyípadà kan yìí tó láti mú kí àwọn purotéènì náà so mọ́ ara wọn, kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé. Àìsàn yìí kì í ṣe ti ogbó, àbímọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ ni pé bí ìrísí purotéènì bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo ara ni yóò jẹ níbẹ̀.

4. Àwọn Purotéènì Alágbàtọ́

Ohun tí Anfinsen rí nínú ìgò kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Inú sẹ́ẹ̀lì fún pinpin bí ọjà lọ́jọ́ ọjà. Purotéènì tuntun tí kò tíì ká tán lè kọlu òmíràn, kí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Nítorí èyí ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ní àwọn purotéènì kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tọ́jú àwọn purotéènì mìíràn. Alágbàtọ́ ni orúkọ tí ó bá wọn mu ní èdè Yorùbá. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ àgbà yẹn gan-an ni alágbàtọ́ ń ṣe: ó ń gbé orí purotéènì tuntun ró títí tí yóò fi lè dá dúró, kò sì ní di apá kan lára rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Èèṣì ni ó mú kí ayé kọ́kọ́ kẹ́fín wọn. Ní ìlẹ̀ Ítálì, Ferruccio Ritossa ń ṣe ìwádìí lórí eṣinṣin kékeré tí ó máa ń bà lé èso. Ooru inú àpótí tí ó ń tọ́jú àwọn eṣinṣin náà sí lọ sókè ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó wo sẹ́ẹ̀lì wọn, ó rí i pé àwọn jíìnì kan tí ó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkankíkan. Ó tẹ àbájáde yìí jáde ní ọdún 1962. Lẹ́yìn náà ni ó hàn gbangba pé àwọn alágbàtọ́ ni àwọn jíìnì náà ń pè jáde, kí wọ́n lè gba àwọn purotéènì tí ooru fẹ́ bà jẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1989, Franz-Ulrich Hartl àti Arthur Horwich fi hàn pé alágbàtọ́ ń ran purotéènì lọ́wọ́ láti ká nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè.

Ìdí tí ooru fi léwu kò jìnnà. Bí a bá se ẹyin, omi funfun inú rẹ̀ yóò dì. Purotéènì ni ó wà nínú omi náà. Ooru tú u, ó sì so mọ́ ara rẹ̀ rẹpẹtẹ. Bí a tilẹ̀ gbé ẹyin náà sínú omi tútù fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní padà di olómi mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni purotéènì tí ó bá ti dì nínú sẹ́ẹ̀lì ṣe máa ń ṣòro láti tú.

5. Ìpalẹ̀mọ́ Ohun Tí Ó Ti Bàjẹ́

Kò sí òṣìṣẹ́ tí kì í gbó. Sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀nà pàtàkì méjì tí ó fi ń palẹ̀ purotéènì tí ó ti gbó mọ́. Nínú ọ̀nà kìíní, yóò lẹ àmì kan mọ́ purotéènì tí ó ti bàjẹ́. Orúkọ àmì náà ni ubiquitin. Purotéènì tí ó bá gba àmì yìí yóò lọ sínú ohun kan tí ó rí bí agbada ihò, tí à ń pè ní proteasome, níbi tí wọn yóò ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose ni wọ́n tú àṣírí àmì yìí, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2004.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹrù tí ó tóbi ju èyí tí proteasome lè gbà lọ. Sẹ́ẹ̀lì yóò fi awọ wé ẹrù náà, yóò sì gbé e lọ sí ìkòkò ìdà inú rẹ̀ tí à ń pè ní lysosome. Christian de Duve, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó ṣàwárí ìkòkò yìí ní ọdún 1955. Òun náà ni ó sọ iṣẹ́ yìí ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gíríìkì jẹ́ jíjẹ ara ẹni. Yoshinori Ohsumi, ọmọ ilẹ̀ Japan, lo ìwúkàrà láti fi mọ àwọn jíìnì tí ń darí iṣẹ́ náà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2016.

Ìpalẹ̀mọ́ yìí kì í ṣe ìdànù. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi àjákù irin rọ ọkọ́ tuntun ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń fi ásíìdì àmínò inú purotéènì àtijọ́ dá tuntun. Lójoojúmọ́, ara àgbàlagbà kan ń tú purotéènì tí ó tó 250 sí 300 gíráàmù palẹ̀, ó sì ń tún un dá. Iye yìí ju purotéènì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ nínú oúnjẹ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

6. Ohun Tí Ogbó Ń Dà Rú

Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, àwọn purotéènì ń gba ọgbẹ́ púpọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ń mú àwọn ohun kan jáde tí ó ń ṣe wọ́n bí ìpẹtà ṣe ń ṣe irin. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà ń lẹ̀ mọ́ wọn. Nígbà kan náà, agbára àwọn tí ó yẹ kí wọ́n ṣe àtúnṣe ń dín kù. Alágbàtọ́ kì í tètè jáde mọ́ bí ìnira bá dé. Proteasome ń fà sẹ́yìn. Inú lysosome náà a máa kún fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò lè dà, èyí tí a máa ń bá nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn àti ti ọpọlọ àwọn arúgbó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni pé ìṣòro kan ń bí òmíràn. Purotéènì tí ó ti dì ń gba àwọn alágbàtọ́ tí ó kù mọ́ra, ó sì ń dí ẹnu ihò proteasome. Èyí ń mú kí àwọn mìíràn tún bàjẹ́. Ó dà bí agbolé tí àwọn tí ń gbálẹ̀ rẹ̀ ti dín kù: ìdọ̀tí tí wọn kò rí kó lánàá ni yóò dí ọ̀nà mọ́ wọn lónìí.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni ó ń jìyà èyí jù. Sẹ́ẹ̀lì awọ ara a máa pín sí méjì, ẹrù inú rẹ̀ yóò sì pín pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í pín mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dàgbà. Ohun tí ó bá kó jọ síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ni ó ń bá a gbé.

Aràn kékeré kan tí kò gùn ju mìlímítà kan lọ, tí í máa ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta láyé, ti kọ́ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ lórí èyí. Ní ọdún 1993, Cynthia Kenyon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí jíìnì kan ṣoṣo bá yí padà, aràn náà yóò lò ju ìlọ́po méjì ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2003, wọ́n tún rí i pé bí wọ́n bá gba ọ̀gá tí ń pàṣẹ fún àwọn alágbàtọ́ kúrò lára aràn náà, ẹ̀mí gígùn yẹn yóò pòórá. Ní ọdún 2009, Richard Morimoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé agbára àtúnṣe purotéènì aràn yìí ti ń dín kù láti ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di àgbà, kí àmì ogbó tó hàn rárá. A jẹ́ pé ogbó inú sẹ́ẹ̀lì ń ṣáájú ogbó tí ojú ń rí.

7. Àwọn Àìsàn Tí Ó Ń Tẹ̀yìn Rẹ̀ Yọ

Àpẹẹrẹ kìíní ni ti ojú. Purotéènì tí ó wà láàrin gbùngbùn awò ẹyinjú ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ ti wà nínú oyún, ara kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Ọ̀kan lára wọn jẹ́ alágbàtọ́, òun ni ó ń mú kí awò náà mọ́ gaara. Nígbà tí alágbàtọ́ yìí bá tán lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àwọn purotéènì yòókù yóò dì, ẹyinjú yóò sì funfun bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Oníṣègùn lè yọ awò tí ó dì, kí ó sì fi tuntun sí i. Ọ̀pọ̀ ni ó ń tún ríran lẹ́yìn rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni àìsàn Alzheimer. Ní ọdún 1906, Alois Alzheimer, oníṣègùn ọmọ Jámánì, sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan tí ó ti tọ́jú, ẹni tí iyè rẹ̀ ra pátápátá kí ó tó kú. Nínú ọpọlọ rẹ̀, ó rí ìdì kéékèèké láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó sì rí okùn lílọ́ nínú wọn. Lónìí, a mọ̀ pé purotéènì kan tí ń jẹ́ amyloid-beta ni ó wà nínú àwọn ìdì náà, tí òmíràn tí ń jẹ́ tau sì wà nínú àwọn okùn náà. Nínú àìsàn Parkinson, tí í máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, purotéènì mìíràn tí à ń pè ní alpha-synuclein ni ó ń dì.

8. Ìwádìí Ìbàdàn

Àwọn àgbà Yorùbá ti kópa pàtàkì nínú ìmọ̀ yìí. Láti ọdún 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà jùmọ̀ ṣe ìwádìí lórí arán ṣíṣe. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn àgbà tí ó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ní ìlú Indianapolis. B. O. Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tí ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Adéṣọlá Ògúnníyì, Olúṣẹ́gun Báíyéwù àti Hugh Hendrie sì wà lára àwọn tí ó bá a dé òpin.

Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, 1.15 ni àìsàn Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 2.52 ní Indianapolis. Ìyàtọ̀ yìí ju ìlọ́po méjì lọ. Wọ́n tún rí i pé jíìnì kan tí ń mú ewu àìsàn náà pọ̀ sí i ní ibòmíràn kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lára àwọn Yorùbá, bí ó tilẹ̀ wọ́pọ̀ láàrin wọn. Èyí fi hàn pé ohun tí a jogún nìkan kọ́ ni ó ń pinnu. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà gbé ayé náà ní ọwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì inú ìwádìí yìí ṣe pàtàkì bákan náà: àìsàn náà wà ní Ìbàdàn. Kì í ṣe àìsàn òyìnbó.

9. Ìtọ́jú àti Ìkìlọ̀

Kò tíì sí oògùn tí ó lè dá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì purotéènì arúgbó padà sí ti èwe. Ní ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fún oògùn lecanemab ní àṣẹ pípé. Ó ń gbá ìdì amyloid-beta kúrò nínú ọpọlọ, ó sì ń dín ìyára àìsàn náà kù díẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í dá iyè tí ó ti sọnù padà, ó sì lè mú ọpọlọ wú tàbí kí ó ṣẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ rí i pé rapamycin mú ẹ̀mí eku gùn, ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn. Ìwádìí kan ní ọdún 2012 sì fi hàn pé eré sísá ń mú kí ìpalẹ̀mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì eku tẹ́pá mọ́ṣẹ́.

Àṣìṣe méjì ni ó yẹ kí a yẹra fún. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí yóò rò pé jíjẹ ẹran àti ẹyin lájẹjù yóò tún purotéènì sẹ́ẹ̀lì òun ṣe. Àgbàlagbà nílò oúnjẹ amáradàgbà tí ó tó kí iṣan ara rẹ̀ má baà rọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ni ó ń sọ ọwọ́ tí ń sín in di ọwọ́ ọ̀dọ́. Èkejì ni ti àwọn tí ń ta àgúnmu tàbí oògùn inú ìgò ní ibùdókọ̀ pé yóò sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Kò sí ìwádìí kankan tí ó gbè wọ́n lẹ́sẹ̀.

10. Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Kò ṣọ̀wọ́n kí ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí rìn kiri lóru, kí ó máa bá ẹni tí ó ti kú sọ̀rọ̀, tàbí kí ó fẹ̀sùn kan ọmọ rẹ̀ pé ó jí owó òun. Ní ibi tí ìmọ̀ bá ti fo àwọn ará ilé dá, ọ̀rọ̀ a máa bọ́ sí ẹnu pé àjẹ́ ni, pé ohun tí ó ti ṣe sẹ́yìn ni ó ń jẹ́wọ́. Wọ́n ti na irú wọn, wọ́n ti lé òmíràn jáde nílé. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé purotéènì ni ó dì sínú ọpọlọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe lè dì sínú ẹyinjú ìyá mìíràn. Kò sí ẹni tí ń na ìyá rẹ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ funfun.

Olùkọ́ tí ó bá lóye àlàyé yìí lè fi ẹyin sísè àti ìlẹ̀kẹ̀ sínsín ṣe ohun èlò ìkọ́ni nínú kíláàsì. Kò ná an ní owó. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ ní èdè abínibí rẹ̀ yóò gbé e délé, yóò sọ ọ́ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ìwé sáyẹ́ǹsì tí a fi èdè àjèjì kọ kò lè ṣe fún wọn.

11. Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì ń dá purotéènì, ó ń ká a pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́, ó sì ń palẹ̀ èyí tí ó gbó mọ́. Ogbó ń dín agbára iṣẹ́ wọ̀nyí kù, àìsàn ojú, Alzheimer àti Parkinson sì wà lára ohun tí ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìwádìí Ìbàdàn fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àìsàn ni à á wò, a kì í wo ikú. Bákan náà ni a kì í wo ogbó. Ṣùgbọ́n a lè wo arúgbó, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a má sì fi ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dá a lẹ́bi. Ó yẹ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún irú ìmọ̀ yìí, kí ó lè dé agbolé tí ó ti wúlò jù lọ.